Ẹni Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Afárá

Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà pé àádọ́rùn-ún ọdún, ó sì yan ọkùnrin méje pé kí wọ́n kọ ìtàn òun. Àwọn méje jókòó fún oṣù mẹ́jọ. Wọ́n kọ orí mọ́kànlá nípa ara wọn. Nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ, atẹ̀wé ní ojú ewé méjì ṣófo lẹ́yìn orí kẹsàn-án, pé ṣé kí òun ya òdòdó sí i ni. Alága ìgbìmọ̀ ronú díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi àwọn obìnrin sí i."

Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí Olùkọ́ nìyẹn.

Obìnrin ni Olùkọ́. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì, ó sì ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n ní kó jẹ́ kó dùn, kó má gùn, kó má sì fa ìjà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó kọ̀ ọ́, pé ìwọ̀sí ni. Ìwọ̀sí ni lóòótọ́. Ó gbà á.

Ó ní ìdí tó fi gbà á. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ náà fún ọdún mọ́kànlá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọdún márùndínlọ́gọ́ta sẹ́yìn, afárá odò wó pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìròyìn tó jáde lọ́jọ́ kejì kò lẹ́gbẹ́. Títí dòní, òun ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ di akọ̀ròyìn. Orúkọ ọkùnrin kan ló wà lórí rẹ̀. Orúkọ yẹn sọ ọkùnrin náà di olóòtú àgbà, ó gba àmì ẹ̀yẹ mẹ́rin fún un, wọ́n sì fi sọ gbọ̀ngàn kan. Ọ̀gá Afárá ni gbogbo ayé ń pè é.

Àǹtí ní òun lòun kọ ọ́. Ó ní òun tẹ̀ ẹ́ tán lórí tàpúráítà, òun lọ bọ́ aṣọ tó tutù lára òun, ìgbà tí òun padà dé, ìwé kò sí lórí ẹ̀rọ mọ́. Ó sọ ọ́ nílé léraléra. Àwọn ará ilé wá ń pe òun náà ní Àǹtí Afárá. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń pè é.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ẹbí jókòó, Àǹtí tún mẹ́nu kan afárá. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Olùkọ́ nígbà náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ni, ọgbọ́n sì ń gùn ún bí ẹṣin. Ó wọ yàrá lọ, ó mú ẹ̀dà ìwé ìròyìn náà jáde, ó na ìka sí orúkọ tó wà lókè.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ báyìí? Ìgbà wo lẹ hu irùngbọ̀n?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àǹtí kó àwo tó wà níwájú rẹ̀, ó lọ fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ogójì ọdún ó lé, ọ̀rọ̀ afárá kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin báyìí. Ojú rẹ̀ kan ti kú, ìkejì ń tẹ̀lé e. Bí ìwé àádọ́rùn-ún ọdún yìí bá jáde láìsí orúkọ rẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí òmíràn tí yóò tún bá a láyé. Olùkọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi gba ìwọ̀sí nìyẹn.

Yàrá ìwé àtijọ́ wà nísàlẹ̀ ilé, níbi tí fèrèsé kò sí. Bàbá Eruku ni wọ́n ń pe ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n níbẹ̀, ó sì gbà pé ohunkóhun tí òun kò bá mọ̀, kò ṣẹlẹ̀ ni.

"Obìnrin tó kọ ìròyìn?" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Kò sí."

"Ṣé wọ́n ti kú ni, àbí wọn kò sí rí?"

"Wọn kò sí rí. Àwọn tó wà níbí, ojú ewé obìnrin ni wọ́n ń kọ. Bí wọ́n ṣe ń yan kéèkì. Bí wọ́n ṣe ń yọ epo lára aṣọ. Àǹtí Yín Ọ̀wọ́n ló ń buwọ́ lù ú."

"Ta ni Àǹtí Yín Ọ̀wọ́n?"

"Òun náà ni."

"Ṣé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn?"

"Ẹ̀yin náà ẹ! Wọ́n pé mẹ́ta. Bí ara wọn kò bá yá, olóòtú eré ìdárayá ló ń bá wọn kọ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin yẹn mọ kéèkì o!"

Olùkọ́ ní kó gbé àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wá. Ó gbé e wá, ó fọn eruku orí rẹ̀ sí Olùkọ́ lójú. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ilé ìwé tó lọ, ipò tó dé. Olùkọ́ ṣí i títí dé òpin kó tó rí àwọn obìnrin. Ìlà kan ni wọ́n fún wọn. Wọ́n kọ ọ́ pé: *Àga, mẹ́rìnlélógún. Tàpúráítà, mẹ́sàn-án. Obìnrin, mẹ́ta.*

"Ẹ rí i," ni Bàbá Eruku wí. "A kò gbàgbé wọn."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Olùkọ́ fi ṣí ìwé ìròyìn àtijọ́. Níbi tí orúkọ ọkùnrin kò bá sí, *Akọ̀ròyìn Wa* ló wà níbẹ̀. Akọ̀ròyìn Wa lọ sí kóòtù. Akọ̀ròyìn Wa lọ síbi iná. Akọ̀ròyìn Wa sùn sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Nínú gbogbo ilé iṣẹ́ náà, kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ tó Akọ̀ròyìn Wa, kò sì sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin ó béèrè bóyá ìwé mìíràn wà.

Bàbá Eruku yín imú. "Olùkọ́, bó bá jẹ́ obìnrin lẹ ń wá, ẹ lọ sí ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà."

Ó rò pé òun ń bú u ni. Òùngbẹ ń gbẹ Olùkọ́, ó lọ.

Ilé ìdáná kò fẹ̀ ju ìdí ẹni mẹ́rin lọ. Gáàsì olójú méjì, ọpọ́n ìfọwọ́, kọ́bọ́ọ̀dù kan. Obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wà níbẹ̀, ó ń fọ ife. Ìyá Onítíì ni. Ó po tíì fún Olùkọ́ láìbéèrè ohunkóhun, ó sì ti ìwé kan àti báírò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ buwọ́ lù ú, mà."

"Kí ni?"

"Ìwé tíì. Ẹni tó bá mu ún, yóò buwọ́ lù ú. Òfin ni."

"Òfin ta ni?"

"Mo bá a níbí ni. Ìwé tíì kì í jáde nílé ìdáná, a kì í sì í jó o. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ló ń gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀."

Ife dúró lágbede méjì lọ́wọ́ Olùkọ́. "Láti ìgbà wo?"

Ìyá Onítíì tẹ̀ ba, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé páálí ṣúgà kúrò. Ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀, okùn ni wọ́n fi dì wọ́n.

Òfin wà lójú ewé kìíní èyí tó dàgbà jù. *Àwọn obìnrin ọ́fíìsì ìròyìn ni yóò máa po tíì lọ́kọ̀ọ̀kan, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Obìnrin tí kò bá wá lọ́jọ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ibi tó wà àti ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn nípa tíì, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀, kó kọ aago, kó buwọ́ lù ú.*

Olùkọ́ jókòó lórí páálí ṣúgà. Ó kà á.

*N kò wá. Mo wà ní kóòtù, ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ọjọ́ kẹta.* *N kò wá. Iná ní ilé ìkẹ́rù, mo ṣì wà níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ.* *N kò wá. Mo wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìròyìn ni mo wá gbà, wọn kò jẹ́ kí n jáde.* Obìnrin mẹ́ta, ọwọ́ ìkọ̀wé mẹ́ta, kálukú sì buwọ́ lu tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti orúkọ bàbá. Olùkọ́ mú àkọsílẹ̀ tirẹ̀ jáde, ó fi ọjọ́ wé ọjọ́. Ibi tí tíì kò bá ti sí láàárọ̀, Akọ̀ròyìn Wa kọ ìròyìn lọ́jọ́ kejì. Ó fi wọ́n wé ara wọn nígbà mẹ́tàlélógójì. Kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ilé iṣẹ́ tí kò lè fi báírò kọ orúkọ obìnrin mẹ́ta sínú ìwé òṣìṣẹ́ ti fi ìbínú tíì kọ gbogbo iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ó wá ọjọ́ afárá. Ó rí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé Àǹtí ni, lẹ́tà kéékèèké tó dúró ṣánṣán bí ọmọ ogun.

*N kò wá. Wọ́n rán mi sí ìyàwó adájọ́ nípa kéèkì, mo dé ẹsẹ̀ afárá ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, afárá ti wó. Mo ka òkú. N kò dé ọ̀dọ̀ ìyàwó adájọ́.*

Nísàlẹ̀ ojú ewé náà, níbi tí wọ́n ń kọ ẹ̀sùn sí, ẹlòmíràn kọ̀wé. Lẹ́tà ńláńlá ni, onírù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń yan fanda.

*Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Láti aago méje ni mo ti wà lórí àga mi, n kò tíì rí ife tíì kan. Ìgbà kẹta lóṣù yìí nìyí. Ẹ bá obìnrin yìí wí.*

Ọ̀gá Afárá ló buwọ́ lù ú.

Olùkọ́ kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyá Onítíì wò ó. "Ṣé kò sí nǹkan o, mà?"

"Kò sí. Mo rí ọkùnrin kan tí òùngbẹ ń gbẹ ni."

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gbé ìwé náà lọ fi han ìgbìmọ̀. Ìyá Onítíì mi orí. "Ìwé tíì kì í jáde. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó fi wá."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ fi ẹsẹ̀ wọn wá, wọ́n sì mú Ọ̀gá Afárá dání. Nínú àwọn méje, ẹni mẹ́fà ni kò mọ ọ̀nà ilé ìdáná. Ìkeje mọ̀ ọ́n nítorí ó ti lọ jí ṣúgà níbẹ̀ rí. Wọ́n há mọ́ra láàárín gáàsì àti ọpọ́n ìfọwọ́, wọ́n gbé ikùn wọn dání. Àpótí ìjókòó kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, Ọ̀gá Afárá ni wọ́n fún, torí ọjọ́ orí rẹ̀. Ó wọ kóòtù, ó fi àmì ẹ̀yẹ kan sí igbá àyà.

Olùkọ́ kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i. "Ẹ kú àtàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ti afárá fún wa, kí n lè kọ ọ́ bó ṣe rí."

Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí ìyẹn. Ó ti sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, ó ti sọ ọ́ níbi ìsìnkú. Ó di ojú.

"Aago méje ni. Omi mù mí dé orúnkún. Irin ń ké. Ogún òkú ni mo fi ojú mi méjèèjì yìí rí."

Alága mi orí bí ẹni tó ń ṣe àmín.

"Ẹ kò kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì láàárọ̀ náà, sà?"

"Ọ́fíìsì kẹ̀? Akọ̀ròyìn gidi kì í jókòó sí ọ́fíìsì, ọmọ mi."

"Ìgbà wo lẹ kúrò lẹ́bàá odò?"

"Ó di ọ̀sán gangan."

Olùkọ́ ṣí ìwé tíì síwájú rẹ̀, ó fi ìwé pélébé bo ohun tí Àǹtí kọ. "Ṣé ọwọ́ yín rèé, sà?"

Ọ̀gá Afárá gbé awò sójú. Ojú rẹ̀ tàn. "Tèmi ni! Ẹ wo bí mo ṣe ń fa ìrù lẹ́tà. Wọn kò kọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ọjọ́ tó wà lókè rẹ̀ ńkọ́, sà?"

Ó ka ọjọ́ náà. Ó tún un kà. "Ọjọ́ afárá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìyókù sókè fún wa."

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn. Nígbà tó dé *lórí àga mi*, ohùn náà kán. Kẹ́tùlù nìkan ló ń hó.

Ìyá Onítíì ní, "Ẹ kà á parí, sà. Wọ́n ń gbọ́."

"Aago... aago ọ́fíìsì máa ń sáré nígbà yẹn."

Ayàwòrán wà lára àwọn méje, ọkùnrin tínínrín kan tó ti ń wá ẹ̀rín láti àárọ̀. "Aago sáré," ló wí. "Ṣé àga náà sáré dé etí odò ni?"

Ẹni méjì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ gbé ìwé pélébé kúrò, ó ka ohun tí Àǹtí kọ fún wọn. Kò fi nǹkan kan kún un.

Alága wú ikọ́. "Olùkọ́, ọ̀rọ̀ àgbà lèyí. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé wọ́n jọ kọ ọ́ ni."

"Ta ni àti ta ni? Ẹni tó wà nínú omi àti ẹni tó ń retí tíì?"

"Gbọ̀ngàn wá ńkọ́? Orúkọ ti wà lára ògiri."

"Ẹ̀yin lẹ ni ògiri. Ojú ewé méjì ni tèmi."

"Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ ya òdòdó sí i, sà. Ìwé ìròyìn tó wà ní òdìkejì ọ̀nà yóò bá mi tẹ tèmi. Wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi kí yín kú oríire."

Alága wo àwọn tó kù. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Wọ́n jẹ́ akọ̀ròyìn fún bí ogójì ọdún, wọ́n sì mọ ìròyìn bí wọ́n bá rí i, pàápàá èyí tí wọn kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé. Ó ní, "Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá Afárá dìde. Ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n kọ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò mọ tíì po rárá."

Ìyá Onítíì na báírò sí i. "Bẹ́ẹ bá ní ẹ̀sùn, sà, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ má gbàgbé aago."

Lọ́jọ́ kejì, Olùkọ́ gbé ojú ewé méjèèjì lọ sílé Àǹtí, kí ó gbọ́ ọ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àǹtí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kọ ojú tó kù sí ìmọ́lẹ̀. Olùkọ́ kúnlẹ̀.

"Àǹtí, mo wá bẹ̀ yín."

"Nítorí kí ni?"

"Irùngbọ̀n."

"Mo rò pé o ti gbàgbé."

"N kò gbàgbé, mà."

"Èmi náà kò gbàgbé. Dìde, orúnkún rẹ kì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Ka ohun tí o kọ."

Olùkọ́ dìde, ó kà á. Ó kọ́kọ́ ka orúkọ Àǹtí, ó sì tẹ̀lé e pẹ̀lú *akọni obìnrin, ẹni àkọ́kọ́ tó*.

"Yọ akọni. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Àkọ́kọ́ pẹ̀lú, yọ ọ́. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Àwọn méjì tó kù dà?"

"Wọ́n wà lójú ewé kejì."

"Gbé wọn wá síbí. Èyí tó ga nínú wọn ti wà nílé iṣẹ́ yẹn kí n tó dé."

Olùkọ́ yọ ọ́, ó gbé wọn wá. Ó wá ka ìròyìn afárá fúnra rẹ̀, èyí tó dà kọ sísàlẹ̀ lódindi, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Àǹtí kò gbéra, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń bá a lọ, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, ó sì ń ṣáájú rẹ̀ nígbà mìíràn. Nígbà tó dé ìpínrọ̀ kẹta, ètè náà dúró.

"Dúró. Kí lo kà yẹn?"

"Ogún òkú."

"Mọ́kàndínlógún ni. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin yẹn ló sọ ọ́ di ogún, nítorí ogún dùn-ún gbọ́."

"Àǹtí, ogún ló wà nínú gbogbo ìwé. Ogún ló wà lára òkúta ìrántí lẹ́bàá odò."

"Ta ni ìkogún? Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ta ni?"

Olùkọ́ mọ òkúta náà. Orúkọ mọ́kàndínlógún ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ sábẹ́ wọn pé *àti ẹnì kan tí a kò mọ̀*. Ọdọọdún ni àwọn èèyàn ńlá ń ṣí fìlà dúró níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ó ti dúró níbẹ̀ rí, ó sì ti sunkún fún ẹnì kan náà, nítorí kò lẹ́nìkan tí yóò sunkún rẹ̀.

"Ọdún márùndínlọ́gọ́ta," ni Àǹtí wí. "Wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kò kú. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀." Ó yí ojú rẹ̀ sí Olùkọ́. "Orúkọ mi tí o fi sókè yẹn, o ṣeun. Ṣùgbọ́n n kò ní í buwọ́ lu irọ́. Tún un ṣe kí o tó gbé e padà fún wọn."

Olùkọ́ mú báírò. Ó fa ìlà pa ogún rẹ́, ó kọ mọ́kàndínlógún sókè rẹ̀.

"Ó dáa," ni Àǹtí wí. "Máa kà á lọ."